Bí Kò Bá San Ńkọ́?

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń fi fóònù gbọ́ wa láti Houston, láti Atlanta, láti Maryland, ọ̀rọ̀ tòní, tiyín gan-an ni. Àmọ́ àwọn òbí yín nílé náà á fẹ́ gbọ́ ọ.

Ká ní ọmọ yín pè yín láti Amẹ́ríkà lálẹ́ àná. Ó ní, "Bàbá mi, owó ìfẹ̀yìntì yín tó wà ní báńkì yẹn, ẹ jẹ́ kí n bá yín fi ra ìwé gbèsè ilé níbí. Dọ́là ni wọ́n á máa san lóṣooṣù. Ilé ló dúró fún owó náà, kò sí bó ṣe lè ṣòfò." Kí lẹ máa sọ fún un?

Púpọ̀ nínú wa á kọ́kọ́ bèèrè pé, "Èló ni wọ́n á máa san?" Ìbéèrè tó dáa ni. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú nìyí: bí kò bá san ńkọ́? Ẹni tó jẹ gbèsè yẹn, bí kò bá san ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ìbéèrè yẹn mú. Orí rẹ̀ la máa dúró lé títí ètò yìí á fi parí.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìwé gbèsè ilé? L'Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í kó owó ilé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á mú díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á yá ìyókù, wọ́n á máa san án lóṣooṣù fún ọdún 15 tàbí ọdún 30. Ọjọ́ tí wọ́n bá yá owó yẹn, ìwé pàtàkì méjì wà tí wọ́n á tọwọ́ bọ̀. Ìwé kìíní ni ìlérí: "Mo jẹ lágbájá ní iye báyìí, màá sì máa san iye báyìí lóṣù." Ìwé kejì ni ìdúró: "Bí n kò bá san, ẹ gba ilé yìí, ẹ tà á, kẹ́ ẹ fi mú owó yín." Ìwé ìlérí yẹn ni wọ́n ń pè ní mortgage note. Ìwé ìdúró ló ń tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Ẹni tó ní ìwé ìlérí yìí lè tà á. Ó lè jẹ́ báńkì. Ó lè jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan tó ta ilé rẹ̀ fún ẹni tó ń san án díẹ̀díẹ̀, tó wá fẹ́ gba gbogbo owó rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tà á fún yín, ẹ̀yin ni olówó tuntun. Ẹ̀yin ni onígbèsè á máa sanwó fún. Òwò yìí kì í ṣe tòní o. Láti 1938 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti dá Fannie Mae sílẹ̀ láti máa ra irú gbèsè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń yáni lówó, kí owó lè padà sí wọn lọ́wọ́ láti yá ẹlòmíràn. Àwọn ẹni ńlá ń ra gbèsè ilé jọ ní ìdì-ìdì. Àwọn ẹni kékeré ń rà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń rà á ní ẹyọ yìí ni mò ń bá wí lónìí.

Ẹ wá gbọ́ o. Ẹni tó ra ìwé gbèsè ilé kò ra ilé. Mo tún un sọ: kò ra ilé. Kò lè lọ gbé ibẹ̀. Kò lè fi ayálégbé síbẹ̀. Kò tilẹ̀ lè kun ògiri rẹ̀ lọ́dà. Ìlérí ẹni ẹlẹ́ni ló fi owó rẹ̀ rà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bèèrè pé: bí kò bá san ńkọ́?

Ṣé èrè wà níbẹ̀? Ó wà. N kò ní tàn yín. Bí gbèsè tó kù lórí ilé bá jẹ́ 100,000 dọ́là, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ẹni tó nílò owó kíákíá lè tà á fún yín ní 85,000. Ẹ ò rí i báyìí? Orí 100,000 ni onígbèsè á ṣì máa san èlé, bẹ́ẹ̀ 85,000 ló kúrò lápò yín. Èrè yín ti ju ìdá 8 lọ nìyẹn. Bó bá sì san gbèsè náà tán, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojú owó gbèsè àti iye tẹ́ ẹ rà á, tiyín ni. Ó dùn, àbí?

Ó dùn. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi tà á ní ọ̀pọ̀?

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ mọ tòmátì ẹ̀ṣà. Apẹ̀rẹ̀ kan náà, tòmátì tó le wọ́n, ẹ̀ṣà pọ̀. Ẹ̀ṣà kò burú. Ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ tó dùn, ẹ̀ṣà ni wọ́n fi sè é. Àmọ́ ẹni tó bá rà á láìtú apẹ̀rẹ̀ wò, tó bá délé tó rí i pé ìdajì ti jẹrà, ta ló fẹ́ bá jà? Ìyá tó mọ̀ ọ́n rà á ti ṣírò ìdajì tó máa dànù kó tó dúnàá-dúrà. Bí ìwé gbèsè náà ṣe rí nìyẹn. Òmíràn wà tí onígbèsè ń san déédéé, kò pàdánù oṣù kan rí. Òmíràn wà tí onígbèsè ti dáwọ́ sísan dúró láti ọdún mélòó kan. Èyí tó ti dákú yìí ni wọ́n máa ń tà ní owó pọ́ọ́kú. Ìtajà pọ́ọ́kú kì í ṣe àánú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ káàbọ̀. Òwò ìwé gbèsè ilé l'Amẹ́ríkà là ń sọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kẹ́ ẹ tó bèèrè èrè, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé, bí onígbèsè kò bá san ńkọ́?

Ọ̀nà kan wà tí mo máa ń fi wọn irú èrè báyìí. Mo máa ń kọ́kọ́ wo iye tí ìjọba ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ń san fún ẹni tó bá yá a lówó. Ní 2023, ìjọba Amẹ́ríkà ń san ju ìdá 5 lọ nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún fún owó tí ẹ yá a fún oṣù díẹ̀. Ẹ ò ní lé ẹnikẹ́ni kiri. Ẹ ò ní gba lọ́yà. Ẹ sùn, ẹ jí, owó yín dé. Bí ẹnìkan bá wá ní òun á fún yín ní ìdá 8 lórí ìwé gbèsè nírú àkókò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìdá 8 lẹ máa wò. Nǹkan bí ìdá 3 tó fi ju ti ìjọba lọ lẹ máa wò. Ìdá 3 yẹn ni owó wàhálà yín. Ṣé ó tó wàhálà náà? Ìgbà mìíràn ó tó. Ìgbà mìíràn, kò tó owó lọ́yà ọdún kan.

Wàhálà wo? Ẹ jẹ́ ká wọ inú rẹ̀.

Ká ní onígbèsè dáwọ́ sísan dúró. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ wa, olówó á rán ológò lọ jókòó sílé onígbèsè. Ológò á pàṣẹ oúnjẹ, á fi èébú ṣeré, kò ní dìde títí wọ́n á fi wá owó náà. Amẹ́ríkà kò fàyè gba ológò o. Ẹ ò gbọdọ̀ lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀ kẹ́ ẹ máa pariwo. Òfin àpapọ̀ ní bó bá jẹ́ ilé tí onígbèsè ń gbé ni, ó gbọ́dọ̀ ti lé ní ọjọ́ 120 tí owó ti pẹ́ kí ilé iṣẹ́ tó ń bá olówó gba owó náà tó lè bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ àtigbà ilé. Oṣù mẹ́rin nìyẹn láìrí kọ́bọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni a ṣì wà o, a ò tíì wọlé.

Lẹ́yìn náà, ó kù sí ìpínlẹ̀ tí ilé wà. Ní Texas, ọ̀pọ̀ gbèsè ilé ni wọn kì í gbé dé iwájú adájọ́ rárá. Bí olówó bá ti fún onígbèsè ní ìkìlọ̀ tí òfin là sílẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n ń lu irú ilé bẹ́ẹ̀ ní gbànjo. Georgia náà ń lo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní New York, dandan ni kóòtù. New Jersey, kóòtù. Florida, kóòtù. Ní New York, ẹjọ́ kan lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́yà ń gbowó, onígbèsè ń gbé inú ilé, ẹ̀yin ń dúró. Gbèsè kan náà, èlé kan náà, ilé tó jọra. Ìpínlẹ̀ tí ilé wà ti sọ ọ̀kan di èrè, ó sọ èkejì di ẹ̀fọ́rí. Ṣé ọmọ yín sọ ìpínlẹ̀ tí ilé náà wà fún yín? Ẹ bi í.

Kò tán síbẹ̀. Onígbèsè lè gba kóòtù lọ, kó ní gbèsè ti borí òun. Ọjọ́ tó bá ti fi ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sí kóòtù, gbogbo ìgbésẹ̀ yín dúró lójú ẹsẹ̀. Bí gbànjo bá kù ọ̀la, ó dúró. Adájọ́ lè fọwọ́ sí i pé kó máa san owó tó ti pẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Òfin wọn nìyẹn, n kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí ìdílé ló wà nínú ilé náà. Àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé láti ibẹ̀. Ẹni tí kò bá lè fara da èrò pé òun lè lé ìdílé kan jáde lọ́jọ́ kan, kó má wọ òwò yìí rárá.

Owó orí ilé tún ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ibi l'Amẹ́ríkà, ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní county ń gba owó orí ilé lọ́dọọdún, ti Texas sì wọ́n dáadáa. Bí onílé kò bá san án, gbèsè ìjọba á fo gbèsè yín kọjá, á lọ jókòó níwájú. Ìjọba lè ta ilé náà nítorí owó orí tí kò tó nǹkan, kí ìwé yín sì di ìwé lásán. Nítorí náà, olówó tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa san owó orí náà fúnra rẹ̀ láti dáàbò bo owó tó ti kó síbẹ̀. Owó tún jáde nìyẹn kí owó tó wọlé. Bákan náà ni ìnṣọ́ránsì. Bí ilé bá jóná tí kò sí ìnṣọ́ránsì, ilẹ̀ nìkan ló kù tó dúró fún yín.

Ẹ ò wá rí i? Ọmọ yín ní, "Ilé ló dúró fún un." Òótọ́ ni. Àmọ́ irú ilé wo? Lẹ́yìn tí ọjà ilé wó ní 2008, àwọn ilé kan wà ní Detroit àti Cleveland tí onílé fi sílẹ̀ lọ, tí olè wọlé wá tú páìpù bàbà inú ògiri. Ìwé irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ gan-an. Ẹni tó jókòó sí ìlú mìíràn tó rà á lórí fọ́tò kàn ń ra òkìtì ni. Àwọn àgbà wa ní a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Bí ẹ ò bá lè lọ, ẹ rán ẹni tẹ́ ẹ finú tán lọ wo ilé náà. Ṣé ènìyàn ń gbé ibẹ̀? Ṣé òrùlé wà? Èló ni wọ́n ń ta ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Bí gbèsè bá jẹ́ 100,000 tí ilé kò ju 70,000 lọ, ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò yín, ìwé gbèsè ilé là ń sọ o. Bí kò bá san ńkọ́? Orí rẹ̀ la ṣì wà.

Ìbéèrè kan wà tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹni kelòó lẹ jẹ́ lórí ilà? Ilé kan lè dúró fún gbèsè méjì. Olówó àkọ́kọ́ wà, olówó kejì wà. Bí wọ́n bá ta ilé ní gbànjo, olówó àkọ́kọ́ á mú tirẹ̀ tán pátápátá kí ìkejì tó fọwọ́ kàn án. Ní 2008, tí owó ilé já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ olówó kejì ni kò rí nǹkan kan mú. Ìwé wà lọ́wọ́ wọn, ilé wà lórí ìdúró, owó kò sí. Ìdí nìyẹn tí ìwé gbèsè kejì fi ń pọ̀ lọ́jà, tí èrè tí wọ́n ń pariwo lórí rẹ̀ fi ń wọni lójú. Èmi o, n kò ní gba ẹnikẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó fọwọ́ kan gbèsè kejì.

Ìwé fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìwé ilé kan lè ti kọjá lọ́wọ́ olówó mẹ́rin kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ so mọ́ra: ta ló tà á fún ta, ta ló buwọ́ lù ú. Bí ọ̀kan bá já, kóòtù lè ní ẹ kì í ṣe olówó. Àwọn báńkì ńlá gan-an jẹ ìyà yìí. Ní 2010, àṣírí tú pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń buwọ́ lu ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ẹjọ́ gbígba ilé láìkà á. Ní 2012, àwọn márùn-ún tó tóbi jù nínú iṣẹ́ náà bá ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ 49 ṣe àdéhùn tó tó bílíọ̀nù 25 dọ́là. Báńkì tó ní agbo lọ́yà ni o. Èmi àti ẹ̀yin ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ òdìkejì, nítorí ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Bó bá tètè san jù ńkọ́? Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, èlé ilé l'Amẹ́ríkà wà ní abẹ́ ìdá 3. Kí ni àwọn onígbèsè ṣe? Wọ́n sáré lọ yá owó tuntun tí èlé rẹ̀ kéré, wọ́n fi pa gbèsè àtijọ́ rẹ́. Ẹni tó ra ìwé gbèsè ní owó tó ju ojú owó lọ, nítorí èlé ńlá tó fojú sí, ojú owó nìkan ni wọ́n kó fún un. Ó pàdánù. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà á ní ọ̀pọ̀, ayọ̀ ni tirẹ̀, nítorí 100,000 rẹ̀ tètè dé lórí 85,000 tó san. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà, ọ̀kan ń sunkún, ọ̀kan ń jó. Iye tí wọ́n rà á ló pín wọn níyà.

Ẹnìkan nílé níbí á wá ní, "Ṣé a ò lè ṣe é ní Nàìjíríà ni?" Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa náà ní ilé iṣẹ́ tó ń fi owó ti àwọn báńkì ilé lẹ́yìn, Nigeria Mortgage Refinance Company, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2013. Àmọ́ òwò àwọn ilé iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ẹ sì rántí Òfin Ilẹ̀ ti 1978: ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ dúró fún gbèsè gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà. Ní 1989, ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó yá owó ni ọ̀rọ̀ ti wá pé gómìnà kò fọwọ́ sí i. Kóòtù ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdúró náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Báńkì ló gbé owó sílẹ̀, ìdúró sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá pè yín nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìbàdàn tàbí ní Ìkẹjà pé òun ń ta ìwé gbèsè ilé, tí èlé rẹ̀ máa ń wọlé ìdá 10 lóṣooṣù, láìsí ewu kankan, ẹ rántí MMM, ètò sogúndogójì yẹn. Oṣù Kejìlá 2016 ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn, bí ọdún ṣe ń wọlé dé. Ẹni tó bá ní kò sí ewu rárá, ẹ yẹra fún un.

Ta wá ni òwò yìí yẹ? Ẹni tó ní owó tí kò ní nílò fún ọdún márùn-ún, ó yẹ ẹ́. Ìwé gbèsè kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń tà láàárọ̀ kó gbowó lọ́sàn-án. Ẹni tó lè ra mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ọ̀kan tó bá dákú má baà gbé gbogbo owó lọ, ó yẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó ra gbèsè àkọ́kọ́, kó ra èyí tí onígbèsè ń san, kó sì wá onígbèsè tó ti fi owó gidi tirẹ̀ sílẹ̀ sórí ilé náà. Ẹni tó ti ná owó ara rẹ̀ sórí ilé kì í tètè fi í sílẹ̀. Kó gba ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ láti máa bá a gba owó náà, kó má máa pe onígbèsè fúnra rẹ̀.

Owó ìfẹ̀yìntì bàbá ẹni ọdún 70 tó ń fi ra oògùn ńkọ́? Kò yẹ ẹ́. Owó ilé ìwé ọmọ tó máa wọlé ní oṣù kẹsàn-án ńkọ́? Kò yẹ ẹ́ rárá. Kódà bí èlé rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 12, kò yẹ ẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ ti wọlé fún, ẹ pe ọmọ yín padà lálẹ́ òní. Ẹ má bú u, ire yín ló ń wá. Ẹ bi í pé ìpínlẹ̀ wo ni ilé náà wà, gbèsè àkọ́kọ́ ni àbí ìkejì, wọ́n ti san owó orí ilé ti ọdún yìí àbí wọn kò tíì san án. Bí kò bá lè dá yín lóhùn, ẹ má fi owó ránṣẹ́. Ẹ ní kó gbé ìwé náà lọ bá lọ́yà ìpínlẹ̀ yẹn ná, kẹ́ ẹ sì fi ìdáhùn tó bá mú wá ránṣẹ́ sí wa níbí, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.